Àbọ̀ ìwádìí mi: páìpù ló parọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà

Ẹ kú àdúrótì o. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo bi yín bóyá kí n pa ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tì, torí pé ìfúnpá omi tó ń sọnù nínú páìpù tín-ínrín mi fi nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò lọ. Ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ẹni tó ní kí n fọwọ́ ara mi wọn inú páìpù ló jàre. Mìlímítà 4 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, òun ni mo sì fún kọ̀ǹpútà; 3.8 ni mo bá. Kí ni 0.2 fẹ́ ṣe? Bí omi bá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, tí iye tó ń kọjá ò yí padà, agbára kẹrin fífẹ̀ inú páìpù ló ń pinnu ìfúnpá tó ń sọnù: bí páìpù bá ṣe tín-ínrín sí i ni èyí tó ń sọnù ń pọ̀ sí i. Ẹ pín 4 sí 3.8, ẹ kọ èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 1.23. Ìdá 23 tó lé náà nìyẹn!

Oṣù méjì ni mo sì fi ń tún mẹ́ṣì, ìyẹn àwọ̀n kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò, ṣe lásán. Alábòójútó mi kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ ọ́ sí orí kẹta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n yí àkòrí padà, ẹ ṣé, àmọ́ mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.