A fẹ́ pàgọ́ sí oko pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà ọyẹ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa ń bọ̀ wálé sí Yàgbà lẹ́yìn Kérésìmesì, a sì fẹ́ sun oko bàbá mi lọ́nà Ìsánlú. Ahéré ibẹ̀ ti wó, àgọ́ aláṣọ la máa pa. Mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn wa iṣu, kí wọ́n sun ún jẹ níbẹ̀.

Òtútù òru ló ń kọ mí lóminú. Oòrùn á mú lọ́sàn-án, àmọ́ tó bá di ìdájí, ọyẹ́ á wọ eegun. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbíkẹ́yìn wa, eruku sì máa ń mú un wúkọ́. Ẹnìkan ní kí n gbé ìkòkò èédú sínú àgọ́. Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀: gáàsì èédú tó ń jó kò ní òórùn, ó sì lè pa odidi ìdílé lójú oorun. Kí lẹ̀yin fi ń mú ara ọmọ gbóná? Ṣé ká tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ ẹní, àbí àkekèé á tọ̀ ọ́ wá?

Iná ìgbẹ́ ńkọ́? Gbogbo koríko ti gbẹ lásìkò yẹn, àwọn ọdẹ sì máa ń sungbó. Tí mo bá ro àyíká àgọ́ títí dé erùpẹ̀, báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Orí àpáta ì bá dára, àmọ́ èèkàn ò lè wọ̀ ọ́.

Ní ti ààbò, a ó kọ́kọ́ rí àwọn ọdẹ ìlú. Tí wọ́n bá ní kò yẹ, a ò ní sùn níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti sun oko rí ní Búnú, Ìjùmú tàbí Yàgbà nígbà ọyẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é.