Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Màámi: a ti rí ìdí rẹ̀

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo kọ ọ́ síbí pé ẹsẹ̀ Màámi ń jó wọn bí iná lálaalẹ́, aṣọ ìbora gan-an ò gbọdọ̀ kàn án, síbẹ̀ àyẹ̀wò oníná tí wọ́n ṣe ní Ìlọrin ní kò sí nǹkan kan.

Dókítà mìíràn ló là wá lójú: iṣan ìmọ̀lára ńlá ni àyẹ̀wò oníná yẹn ń wò, iṣan ìmọ̀lára tín-ín-tín inú awọ kì í hàn níbẹ̀. Ó gún wọn lábẹ́rẹ́ apaǹrora, ó wá fi irin róbótó, ẹnu rẹ̀ ò ju mìlímítà 3 lọ, yí awọ jáde lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ó mú òmíràn nítan, kí wọ́n lè ka iye iṣan tín-ín-tín tó wà nínú awọ náà. Bíńtín báyìí, kò tó hóró ìrẹsì! Mo di ọwọ́ wọn mú. “Ṣé ó ti tán ni?” ni wọ́n bi mí. Kò gba rírán, báńdéèjì nìkan.

Èsì ti dé: iṣan tín-ín-tín ti ẹsẹ̀ ti dín kù gan-an, ti itan sàn díẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló wá fi ìtọ̀ ṣúgà hàn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹnikẹ́ni ò tún ní sọ fún Màámi mọ́ pé àròjù ló ń dà wọ́n láàmú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.