Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Boxer mi tí ooru ń dà láàmú

Ẹ kú àánú o. Èmi ni mo bèèrè nípa ajá Boxer mi n'Íbàdàn, tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí a bá ti rìn díẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ á yọ gbọọrọ.

Ẹni tó ní kí n yí àkókò ìrìn padà ló yanjú ẹ̀. Kí oòrùn tó yọ la ti ń jáde báyìí, a ó sì ti wọlé kí ọ̀dà títì tó gbóná. Imú Boxer kúrú, èémí kì í ráyè gbà dáadáa, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ kì í fi í tètè tutù. Mo tún bọ́ okùn ọrùn, mo ra èyí tó ń gba àyà. Ikọ́ tó máa ń wú tó bá ń fà ti dáwọ́ dúró.

Ìmọ̀ràn pé kí n fi tọ́wẹ̀lì tútù bò ó kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́: tí mo bá fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, kíá ló ń gbóná mọ́ ọn lára. Omi lásán níkùn àti lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú fáànù (tí iná bá wà!), dára jù ú lọ.

Dókítà ẹran ní ó ti sanra jù. A ti dín oúnjẹ kù, àmọ́ ìyá mi ṣì ń jù ú ní ẹ̀bà lábẹ́ tábìlì.

Itọ́ ló kù. Ó ṣì ń gbọ̀n ọ́n sára ògiri, kò sì sí àlejò tí kì í fò mọ́. Ẹ ṣeun.