Ìdáhùn: "Àìfẹ́jẹun" àti "àrùn wọ̀bìà"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká máa pe anorexia, àìsàn tí èèyàn fi ń febi pa ara rẹ̀ torí ẹ̀rù sísanra, ní "àìfẹ́jẹun", kí bulimia, àìsàn kéèyàn jẹ àjẹjù kó sì lọ bì í, máa jẹ́ "àrùn wọ̀bìà". Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fọwọ́ sí ìkankan nínú méjèèjì.

Lóòótọ́, ohun tí orúkọ Gíríìkì yẹn sọ náà ni àìfẹ́jẹun, òun náà sì ni William Gull, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé kalẹ̀ ní 1873. Àmọ́ ó ti ṣì í pè látilẹ̀, kí ló wá kàn wá tá a fi máa jogún àṣìṣe rẹ̀? Ẹni tí ibà ń ṣe ni oúnjẹ kì í wù jẹ. Ní ti ẹni tí à ń sọ yìí, ebi ń pa á, oúnjẹ ló sì ń rò ṣáá. Ó lè se ìrẹsì fún gbogbo ilé, kó bù ú fún kálukú, kóun má tọ́ ọ wò. Ẹ̀rù sísanra ló ń bà á. Tí ìyá bá gbọ́ "àìfẹ́jẹun", oògùn ibà ló máa sáré lọ rà. Kò ní fiyè sí i pé ọmọ ń gorí òṣùwọ̀n ní gbogbo ìgbà, pé aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ nínú ooru, pé "mo ti jẹun níta" ti di orin lẹ́nu rẹ̀, pé ó ń kanra tí wọ́n bá ti pè é sídìí abọ́. Nílé tiwa, ó tún lè ní ààwẹ̀ lòun ń gbà, ta ló sì máa bá a jà? Aláàwẹ̀ a máa ṣínu ṣá. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

"Ìfebipara-ẹni" ni mo fara mọ́. Ó le létí, mo gbà, ṣùgbọ́n àrùn náà ń pààyàn.

Èébú gidi ni wọ̀bìà. Wọ̀bìà kì í tijú, gbangba ló ti ń jẹun. Ẹni tí Gerald Russell, dókítà àrùn ọpọlọ kan, ṣàpèjúwe àìsàn rẹ̀ ní 1979, tó pè é ní bulimia nervosa, kọ̀rọ̀ ló ti ń jẹ àjẹjù. Bó bá jẹun tán, ilé ìwẹ̀ ló ń gbà lọ, á ṣílẹ̀kùn jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, inú rẹ̀ á bàjẹ́ títí dalẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò rù, wọn ò sanra, kò sóhun tí aládùúgbò máa rí. Ẹ wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní wọ̀bìà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á tún bá yín sọ̀rọ̀.

Mo ti rò ó pé ká lo "àjẹbì" (kéèyàn jẹun kó tún bì í) fún bulimia, ṣùgbọ́n àwa tá a kì í fàmì sọ́rọ̀ lórí fóònù, "jẹ̀bi" la máa kà. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú?

Ẹ dákun, "àmì ìkìlọ̀" tí ẹ̀gbọ́n lò fún warning signs náà, ẹ yọ ìkìlọ̀ kúrò. "Àmì àìsàn" tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ ti tó.