Ìbọn ọdẹ àtijọ́ méjì: báwo la ṣe máa mọ ọjọ́ orí ẹ̀ àti iye tó tó?

Ọmọ Òmù-Àrán, Ohio: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ màmá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló kú, màmá wá kó ìbọn ọdẹ ẹ̀ méjì fún ọkọ mi. Ọ̀kan ní irin lábẹ́ tí wọ́n máa ń fà kí ọta tó wọlé, wọ́n kọ 1894 àti 30 W.C.F. sí i, ìkejì ẹlẹ́nu méjì ni. Ọkọ mi ti ra sanpépà, ó fẹ́ ha ìpẹtà ẹ̀ kó lè dán ká tó tà á. Èló ló máa tó?

Ọmọ Ọ̀fà, Pennsylvania: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba sanpépà yẹn lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá! Àwọ̀ tó wà lára ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́ làwọn tó ń ra ìbọn àtijọ́ ń sanwó fún, bó ti wù kó ṣá tó, tẹ́ ẹ bá ti ha á báyìí owó ńlá ti lọ nìyẹn, kò sì ṣeé dá padà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò bóyá ọta wà nínú ẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí ìyẹn, lẹ́yìn náà ẹ fi epo díẹ̀ nù ún, ó tó.

1894 yẹn kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ ọ́ o. Winchester Model 94 nìyẹn, August 21, 1894 ni wọ́n gba páténtì ẹ̀, wọ́n wá ń tẹ déètì yẹn sára bárẹ́lì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ń kà tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe ń rọ wọ́n, ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 1,000,000, Ààrẹ Coolidge ni wọ́n fún ní 1927, wọ́n fún Eisenhower ní 2,000,000 ní 1953, ẹ fìyẹn díwọ̀n. Èyí tó bá ti jáde ṣáájú 1964 ló wọ́n jù, torí ọdún yẹn ni wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ padà kí ìnáwó lè dín kù. 30 W.C.F. ni irú ọta tó ń lò, òun ni wọ́n ń pè ní .30-30 lónìí, ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹlẹ́nu méjì yẹn gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Ẹ yọ igi iwájú ẹ̀, ẹ wo abẹ́ bárẹ́lì, àmì wẹ́wẹ́ máa wà níbẹ̀.

Ọmọ Òmù-Àrán, Ohio: Mo ti rí i bọ̀ọ̀dá. Adé kékeré lórí N, 12 nínú róbótó, àti 3.28.

Ọmọ Ọ̀fà, Pennsylvania: Jámánì ni, oṣù kẹta ọdún 1928 ni wọ́n dán an wò. Adé orí N yẹn, ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín ni wọ́n fi dán an wò. 12 ni pé tí wọ́n bá pín òjé pọ́ùn kan sí ọta róbótó méjìlá tó dọ́gba, ọ̀kan ẹ̀ ló máa ṣe déédéé ẹnu ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnu 16 fi kéré sí ti 12. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ewu wà: ìbọn Yúróòpù ayé ìgbà yẹn, ibi tí kátíríìjì, ìyẹn odindi ọta tí wọ́n ń kì sí i, ń wọ̀ sábà máa ń gùn tó mílímítà 65, èyí tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà báyìí 70 ni. Ó máa wọlé wẹ́rẹ́, kò ní há rárá, àmọ́ tí wọ́n bá yìn ín, ẹnu kátíríìjì ò ní ráyè ṣí tán, agbára inú ẹ̀ á ru kọjá èyí tí irin yẹn lè gbà. Ẹ bá mi bẹ bọ̀ọ̀dá, kí ẹnikẹ́ni má yìn ín kí gunsmith, ìyẹn alágbẹ̀dẹ ìbọn, tó wọ̀n ọ́n.

Ọmọ Ìlọrin, Maryland: Ẹ̀gbọ́n, àǹkú mi ní Àjàṣẹ́-Ìpó ṣì ń fi ṣakabùlà dọdẹ ọ̀yà o. Ṣé mi ò lè ra ẹlẹ́nu méjì yẹn kí n gbé e sínú kọntéénà fún wọn? Físà stúdẹ́ǹtì ni mo wà.

Ọmọ Ọ̀fà, Pennsylvania: Àbúrò, má dán an wò, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Láìsí láísẹ́ǹsì níbí àti nílé, ẹ̀wọ̀n ni. Ìwọ fúnra ẹ gan-an, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kí ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀ ní ìbọn lọ́wọ́, àfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Bi lọ́yà kó o tó fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Òmù-Àrán, Ohio: Iye owó wá ńkọ́ bọ̀ọ̀dá?

Ọmọ Ọ̀fà, Pennsylvania: Àǹtí, ẹ lọ sórí GunBroker, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ìbọn, iye tí wọ́n ti tà á tán ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo iye tí wọ́n ń bèèrè. Ẹ wo inú bárẹ́lì bóyá ó ṣì ń dán, ẹ wo igi ẹ̀ bóyá ó sán, kẹ́ ẹ fi wé èyí tó jọ ọ́. Tẹ́ni tó fẹ́ rà á bá wà ní ìpínlẹ̀ míì, ọ̀dọ̀ dealer tó ní láísẹ́ǹsì ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá.