Abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì sí ọ̀pá ẹ̀yìn Màmá mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún Màmá mi níbí ní London. Dókítà tó máa fún wọn ní oògùn oorun ní kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀, òun fẹ́ gún mọ́fíìnì (oògùn ìrora tó lágbára) díẹ̀ sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ní ó lè dín ìrora kù fún nǹkan bíi wákàtí 24.

Ó wù mí gan-an. Nígbà tí wọ́n la egungun àyà ẹ̀gbọ́n Màmá, ìrọ̀rí ni wọ́n ń gbá mọ́ àyà kí wọ́n tó lè húkọ́, omijé á máa bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n máa lo oògùn heparin kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú ẹ̀rọ tó máa bá ọkàn wọn ṣiṣẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ṣẹ́ jọ síbi tí wọ́n gún, ó lè tẹ iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ rọ. Dókítà ní kì í sábà ṣẹlẹ̀, pé ara yíyún, èébì àti àìlètọ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó ní èémí náà lè falẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ṣọ́ni.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe é fún, tàbí fún òbí yín, báwo ni òru àkọ́kọ́ ṣe rí? Màmá ṣì ń lo aspirin, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Kí ni kí n bi dókítà? Àwọn ni wọ́n máa buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n ojú mi ni wọ́n ń wò.