Orúkọ United, ìrù Continental

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí United àti Continental, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, dàpọ̀ ní 2010, kí ló dé tí wọ́n fi mú orúkọ United, tí wọ́n tún mú àwòrán ayé Continental sí ìrù ọkọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ó dín ìnáwó kù. Orúkọ nìkan ni wọ́n ní láti pààrọ̀ lára ọkọ̀ Continental.

Ìdáhùn: Iṣẹ́ ńlá ni kíkùn. Wọn á kọ́kọ́ lẹ téèpù mọ́ fèrèsé àti àwọn ihò kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́, kí wọ́n tó fi kẹ́míkà bó ọ̀dà àtijọ́. Ara ọkọ̀ tí kì í ṣe irin, bíi ti Boeing 787, sáńpépà ni kí wọ́n fi ha á, torí kẹ́míkà lè bà á jẹ́. Bí ọ̀dà bá gbẹ, wọn á tún ọkọ̀ wọ̀n, torí ọ̀dà ní ìwúwo tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, téèpù yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀! Ní 1996, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sórí irú ihò bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ Aeroperú, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Peru, lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà já, ènìyàn 70 ló kú.

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo ìdàpọ̀ ló ń pa orúkọ rẹ́ o. Air France ti Faransé àti KLM ti Netherlands dàpọ̀ ní 2004, síbẹ̀ kálukú ṣì ń lo orúkọ àti ọ̀dà tirẹ̀.